Ìlú Kékeré Tó San Gbèsè Abẹ́òkúta: Ìrìn Àjò Mi sí Ìṣàgá Orílé

  Bí ẹ bá wà nínú mọ́tò, bí ẹ bá wà lẹ́nu iṣẹ́, bí ẹ bá ń fọ abọ́ lọ́wọ́, ẹ gbé fóònù síbi tí omi ò ti ní ta sí i, kí ẹ sì bá mi kálọ. Ètò tòní yàtọ̀ díẹ̀ sí ti tẹ́lẹ̀, nítorí pé àforíjì ni mo fẹ́ fi bẹ̀rẹ̀.

Ẹ rántí ètò tí mo ṣe lórí ogun Dàhọ̀mì àti Ẹ̀gbá, lẹ́yìn tí fíìmù The Woman King jáde ní 2022. Ọ̀pọ̀ nínú yín ló fẹ́ràn rẹ̀. Mo sọ bí àwọn ọmọ ogun obìnrin Dàhọ̀mì ṣe dé ẹnubodè wa, àti bí a ṣe lé wọn padà. Ẹ ò ri pé mo ní "a"? Bí ẹni pé èmi náà yìnbọn níbẹ̀.

Mo fi fóònù gbé ètò yẹn fún ìyá ìyá mi gbọ́. Màmá ti lé ní ọgọ́rin ọdún, ṣùgbọ́n etí wọn ṣì mú dáadáa. Wọ́n fara balẹ̀ gbọ́ ọ tán, wọ́n yọ ohun tí mo kì bọ̀ wọ́n létí, wọ́n sì ní, "O ṣeun, ọmọ mi. O ti sọ ìtàn àwọn tó wà nínú odi. Àwa tá a wà níta ńkọ́?"

Ọ̀rọ̀ yẹn kò yé mi lójú ẹsẹ̀. Ìgbà tó yá ni mo rántí pé ìyá tó bí màmá, Ìṣàgá ni wọ́n ti wá. Mo ti ń gbọ́ orúkọ yẹn láti kékeré bí èèyàn ṣe ń gbọ́ orúkọ ibùdókọ̀ tí kò sọ̀ rí. N kò débẹ̀ rí. Mo ti gun Olúmọ tó ìgbà mẹ́wàá, n kò dé Ìṣàgá lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Nígbà tí mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í ka ìwé nípa rẹ̀, mo rí i pé kì í ṣe pé mo yọ Ìṣàgá sílẹ̀ nìkan, mo tún sọ ohun kan fún yín nínú ètò yẹn tí kì í ṣe òótọ́. Màá dé orí ìyẹn láìpẹ́. Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ lọ ná.

Ọ̀nà Ìṣàgá

Ìṣàgá Orílé wà ní ìjọba ìbílẹ̀ Àríwá Abẹ́òkúta, ní apá ibi tí oòrùn ń wọ̀ sí. Èmi àti àbúrò mi ọkùnrin la jọ lọ. A gbéra ní Lafẹ́nwá láàárọ̀ ọjọ́ Sátidé, a di àgọ́ kékeré kan tí a yá lọ́wọ́ ọ̀rẹ́, ẹní méjì, tọ́ọ̀ṣì, omi inú jálá àti búrẹ́dì. Ẹni tó jókòó tì wá nínú mọ́tò wo ẹrù wa, ó wo ojú wa, ó ní, "Ẹ̀yin wọ̀nyí, ṣé wọ́n lé yín nílé ni?"

Bí a ṣe ń kúrò ní ìgboro ni òrùlé páànù tó ti dípẹtà ń dín kù, tí oko ẹ̀gẹ́ ń pọ̀ sí i. Ọ̀nà di pupa. Nẹ́tíwọ̀ọ̀kì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ségesège. Àbúrò mi na fóònù sójú fèrèsé bí ẹni tó fẹ́ fi gbẹ́ omi, kò rí nǹkan kan. Mo ní kó fi í sápò, pé àwọn tí à ń lọ wá ìtàn wọn kò lo dátà.

Kí a tó débẹ̀, ẹ jẹ́ ká dúró díẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ yẹn, orílé. Orílé ni ibi tí ìdílé ti ṣẹ̀. Ọ̀pọ̀ àdúgbò tí à ń dárúkọ ní Abẹ́òkúta lónìí ló ní orílé nínú igbó, nítorí pé Ẹ̀gbá kì í ṣe ará abẹ́ òkúta láti ìpilẹ̀ṣẹ̀. Ìlú kéékèèké tó pọ̀ ni wọ́n ń gbé kí ogun tó fọ́ wọn ní àwọn ọdún 1820. Ní 1830, Ṣódẹkẹ́ àti àwọn tó kù dé abẹ́ Olúmọ. Àwọn kan sùn nínú ihò àpáta, àwọn kan ń ti orí rẹ̀ ṣọ́ ọ̀nà. Tí a bá fẹ́ sọ òótọ́, ibùdó àwọn tó sá ogun ni ìlú wa nígbà tó bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀yin ọmọ FUNAAB, kì í ṣe Camp tí ẹ ti ń wọ kórópe ni mò ń sọ o. Ibùdó gidi ni, níbi tí ẹni tí kò nílé mọ́ sùn sí.

Ìṣàgá ní tirẹ̀ kò sí lábẹ́ òkúta. Ó wà ní àyè ara rẹ̀, lójú ọ̀nà tí ogun Dàhọ̀mì máa gbà bí ó bá ń bọ̀ ní Abẹ́òkúta. Ẹ fi ìyẹn sọ́kàn.

Nígbà tí a dé, a kò ya fọ́tò kankan. A kọ́kọ́ lọ kí àwọn àgbà. Bàbá kan jókòó lẹ́bàá ilé, wọ́n ń tún ọkọ́ ṣe. Àbúrò mi dọ̀bálẹ̀, èmi kúnlẹ̀.

"Ẹ kú ilé o, bàbá."

"Ẹ káàbọ̀. Ta ni ẹ̀ ń wá?"

"Ẹ má bínú, sà. Ìyá tó bí ìyá ìyá mi, ibí yìí ni wọ́n ti wá. A ní ká wá wo ibẹ̀ ni."

Bàbá gbé ọkọ́ sílẹ̀. Wọ́n wò mí láti òkè dé ilẹ̀, wọ́n rẹ́rìn-ín. "Ìyẹn ni pé ìwọ kì í ṣe àlejò. O ti dé ilé nìyẹn. Ẹ fún wọn lómi."

Lẹ́yìn tí a mumi tán, mo béèrè lọ́wọ́ bàbá pé níbo ni mo ti lè rí ibi ogun 1862. Mo rò pé wọ́n máa júwe ilé kan tàbí òkúta kan. Bàbá kàn na ọwọ́ sí iwájú, sí ilé, sí ọ̀nà, sí oko ẹ̀gẹ́ tó wà lẹ́yìn. Wọ́n ní, "Ibi tí o dúró sí yẹn náà ni."

Ìmọ̀ràn tí Ìṣàgá fún ọba Dàhọ̀mì

Ní 1851, Ghezo ni ọba Dàhọ̀mì. Abomey ni olú ìlú rẹ̀, ní orílẹ̀-èdè tí à ń pè ní Benin Republic lónìí. Ogun ni Dàhọ̀mì fi ń kó ẹrú, owó ẹrú ni wọ́n sì fi ń ra ìbọn tí wọ́n máa fi jagun mìíràn. Abẹ́òkúta wá ń dàgbà sí wọn lójú. Ẹ̀gbá ń fẹ́ ọ̀nà òwò tó lọ sí Àgbádárìgì. Àwọn míṣọ́nnárì àti àwọn Sàró ti dé. Ní 1844, Ẹ̀gbá ti kó ìtìjú bá Ghezo lójú ogun, ọba náà kò sì gbàgbé.

Ní oṣù kìíní ọdún 1851, John Beecroft, tó jẹ́ aṣojú ìjọba Gẹ̀ẹ́sì, wá sí Abẹ́òkúta, ó sì kìlọ̀ fún wọn pé Dàhọ̀mì ń bọ̀. Àwọn òǹkọ̀wé kan fojú bù ú pé ogun náà tó 16,000, àti pé nǹkan bí 6,000 nínú wọn jẹ́ obìnrin. Ẹ fojú inú wo irú èrò bẹ́ẹ̀ kí ó máa rọ́ bọ̀ lójú ọ̀nà oko, kí ó sì jẹ́ pé ìlú yín ni wọ́n máa kọ́kọ́ dé.

Kí ni ìlú kékeré fẹ́ ṣe? Bí ó bá jà, yóò parẹ́ kí ilẹ̀ tó mọ́. Bí ó bá sá, oko àti ilé di ti ọ̀tá. Bí àwọn òpìtàn ṣe kọ ọ́, àwọn ará Ìṣàgá gba ogun náà lálejò, wọ́n sì ṣe bí ẹni tó ti túúbá. Wọ́n wá gbà wọ́n nímọ̀ràn. Wọ́n ní kí wọ́n má gba ibi tí wọ́n ti pinnu tẹ́lẹ̀ wọ Abẹ́òkúta, pé ẹnubodè Arò ló rọrùn. Wọ́n ní kí wọ́n má lọ lóru, pé ọ̀sán gangan ló dára. Àmọ́ apá Arò yẹn ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ tún odi rẹ̀ ṣe, ọ̀sán sì ni ojú gbogbo Ẹ̀gbá là. Bí Dàhọ̀mì ṣe ń múra ni Ìṣàgá ránṣẹ́ sí Abẹ́òkúta.

Ọjọ́ kẹta oṣù kẹta ọdún 1851 ni ogun náà dé Arò. Lónìí, tí a bá pe Arò, ilé ìwòsàn ọpọlọ tí Dókítà Lambo sọ di olókìkí láti 1954 ló máa ń wá sí wa lọ́kàn, a tilẹ̀ máa ń fi ṣe yẹ̀yẹ́ ara wa. Ní ọjọ́ tí mo ń sọ yìí, Arò ni ibi tí wọ́n ti pinnu bóyá Abẹ́òkúta máa wà tàbí kò ní wà. T. J. Bowen, míṣọ́nnárì Onítẹ̀bọmi láti Amẹ́ríkà, wà nínú ìlú lọ́jọ́ náà. Ìtàn sọ pé Ẹ̀gbá kò mọ̀ pé obìnrin pọ̀ nínú àwọn tó ń bá wọn jà, àfi ìgbà tí wọ́n yẹ ara àwọn tó ṣubú wò. Inú bí wọn pé obìnrin ni Dàhọ̀mì rán sí wọn. Èmi tí mo jẹ́ obìnrin ò mọ ìdí tí ìyẹn fi yẹ kó bí ẹnikẹ́ni nínú. Ṣebí ìbọn obìnrin náà ń pa ènìyàn.

Dàhọ̀mì kò wọlé. Wọ́n padà sẹ́yìn, Ẹ̀gbá lé wọn, wọ́n sì tún jà nítòsí Ìṣàgá bí wọ́n ṣe ń lọ. Ibi tí mo ti parí ìtàn nínú ètò ìjelòó nìyẹn. A ṣẹ́gun, ẹ ṣeun, ẹ fún wa ní like.

Ṣùgbọ́n Dàhọ̀mì mọ ẹni tó tan òun.

Oṣù kẹta ọdún 1862

Ghezo kú ní 1858. Ọmọ rẹ̀, Glele, ló gorí ìtẹ́. Ó jogún ìtẹ́, ó sì jogún ẹ̀san. Ní oṣù kẹta ọdún 1862, ó rán ogun sí Ìṣàgá.

Ìbéèrè tí mo bi ara mi nígbà tí mo dúró sójú ọ̀nà pupa yẹn ni pé, àwọn Ẹ̀gbá ńkọ́? Àwọn tí Ìṣàgá ràn lọ́wọ́ ní 1851, níbo ni wọ́n wà? Ìdáhùn rẹ̀ wà nínú ìwé, ó sì dùn mí nígbà tí mo rí i. Ogun Ẹ̀gbá wà ní ìhà Ìjàyè. Láti 1860 ni wọ́n ti lọ ran Ìjàyè lọ́wọ́ lórí ọ̀rọ̀ Ìbàdàn. Wọ́n wà ní ibùdó ogun, jìnnà sílé, lórí ìjà ẹlòmíràn. Nínú oṣù kan náà, Dàhọ̀mì fọ́ Ìṣàgá, Ìbàdàn sì fọ́ Ìjàyè.

Wọ́n sun Ìṣàgá. Wọ́n pa àwọn kan, wọ́n sì kó ọ̀pọ̀ lọ sí Abomey ní ìgbèkùn. Ọdún mọ́kànlá gbáko ló wà láàárín ìmọ̀ràn yẹn àti ọjọ́ tí wọ́n wá gba owó rẹ̀. Ọmọ tí wọ́n bí ní ọdún 1851 ti pé mọ́kànlá. Kò mọ nǹkan kan nípa ìmọ̀ràn tí àwọn bàbá rẹ̀ fún ọba, òun náà ló sì wà nílé nígbà tí wọ́n dé.

N kò fẹ́ sọ àwọn ará Ìṣàgá di ańgẹ́lì o. Bóyá ìfẹ́ Abẹ́òkúta ló mú wọn ṣe é, bóyá wọ́n kàn fẹ́ kí ogun kúrò lọ́rùn wọn ni. Ẹni tí ọ̀tá bá jókòó sí pálọ̀ rẹ̀ kì í fi bẹ́ẹ̀ ní ààyè láti yan èyí tó wù ú. Ohun tí mo mọ̀ ni pé Abẹ́òkúta jẹ èrè rẹ̀, Ìṣàgá sì san owó rẹ̀.

Ibi tí mo ti ṣì yín lọ́nà

Wàyí o, àṣìṣe mi. Nínú ètò ìjelòó, mo sọ fún yín pé nígbà tí Dàhọ̀mì kó Ìṣàgá, wọ́n mú olùkọ́ ìjọ CMS tó wà níbẹ̀, tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Doherty, wọ́n sì kàn án mọ́ igi ní Abomey. Mo sọ ọ́ pẹ̀lú ohùn tó wọni lára. Àwọn kan nínú yín kọ̀wé sí mi pé ẹ sunkún.

Ibi tí ọ̀rọ̀ yẹn ti wá rèé. Ní oṣù keje ọdún 1862, oníṣòwò ará Holland kan tó ń jẹ́ Euschart wà ní Abomey. Kò lọ síbẹ̀ tìfẹ́tìfẹ́. Nígbà tó jáde, ó ròyìn pé òun rí òkú Doherty lára igi, pé wọ́n fi ìṣó kàn án. Ìròyìn náà dé ọ̀dọ̀ ọ̀gá ọkọ̀ ojú omi Gẹ̀ẹ́sì, láti ibẹ̀ ó dé London, wọ́n sì tẹ̀ ẹ́ jáde. Ẹni tó rí i sọ ọ́, ẹni tó gbọ́ kọ ọ́, ẹni tó kà á tún un kọ. Lẹ́yìn ohun tó ju àádọ́jọ ọdún lọ, èmi náà kà á, mo sì fọ́wọ́dù rẹ̀ sí yín.

Doherty kò kú. Ó lo ọdún mélòó kan ní ìgbèkùn Dàhọ̀mì, wọ́n tú u sílẹ̀, ó sì padà wálé láàyè. Ẹni yòówù tí Euschart rí lára igi yẹn, kì í ṣe Doherty.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú. Ó yẹ kí n wádìí dé ìdí rẹ̀ kí n tó sọ ọ́. A máa ń sọ pé ìran tiwa, ìran WhatsApp, ni ìran ìròyìn èké. Ìròyìn yẹn rìn láti Abomey dé London nígbà tí kò sí iná mànàmáná nílé ẹnikẹ́ni níbí. Nígbà tí òótọ́ sì dé nígbẹ̀yìn, kò rìn tó bẹ́ẹ̀.

Ohun kan tún wà tó ń jẹ mí lọ́kàn ju àṣìṣe yẹn lọ. Nígbà tí wọ́n gbọ́ pé Doherty kú, London mọ orúkọ rẹ̀. Ìjọ gbàdúrà fún un. Àwọn aṣojú Gẹ̀ẹ́sì tó lọ kí Glele lẹ́yìn náà bẹ̀bẹ̀ fún àwọn Kristẹni tó wà ní ìgbèkùn. Ìyẹn dára. Ṣùgbọ́n ìyálé tó ń ro láfún lọ́wọ́ nígbà tí ogun dé, àti ọmọ ọdún mọ́kànlá yẹn, ta ló dárúkọ wọn? Ẹni tí òyìnbó mọ̀ ni wọ́n kọ sínú ìwé. Àwọn tó kù, ẹnu ìyá ìyá mi ni wọ́n wà. Ìyẹn ni ohun tí màmá ń sọ nígbà tí wọ́n ní "àwa tá a wà níta."

Ibi tí a pàgọ́ sí

Ẹ ti ń retí ọ̀rọ̀ àgọ́. A kúrò ní Ìṣàgá lọ́sàn-án, bàbá sì fi láfún dí wa lọ́wọ́. Ọ̀kadà gbé wa lọ sí ìhà adágún Ọ̀yán, tó wà ní ìjọba ìbílẹ̀ kan náà. Ìjọba ló sé odò Ọ̀yán níbẹ̀, wọ́n sì ṣí ìsédò náà ní 1983 láti fún Èkó àti Abẹ́òkúta lómi. Ilẹ̀ tí omi náà bò tó nǹkan bí 40 km². Bí oòrùn bá ń wọ̀, ẹ máa rí àwọn apẹja nínú ọkọ̀ ojú omi bí àmì ìdánudúró lórí ìwé.

Mo rò pé ẹwà lásán ni mo wá wò. Obìnrin kan tó ń yan ẹja létí ọ̀nà ló bi wá pé, "Ṣé ẹ mọ̀ pé abúlé wà lábẹ́ omi yẹn?" Òótọ́ ni. Nígbà tí wọ́n sé odò, àwọn abúlé kan ní láti kó kúrò, wọ́n sì tún wọn tẹ̀ dó sí ibòmíràn. Ẹ wò ó, ní ọ̀sán Ìṣàgá, ní alẹ́ Ọ̀yán. Omi tí à ń mu ní ìgboro náà, abúlé kan ló fi ilẹ̀ rẹ̀ sílẹ̀ kí ó tó dé ẹnu wa.

Ìmọ̀ràn díẹ̀ fún ẹni tó bá fẹ́ lọ. Ẹ kọ́kọ́ tọrọ ààyè lọ́wọ́ àwọn àgbà abúlé tó bá súnmọ́ ọn, kí ẹ sì sùn sí ìtòsí ilé wọn, ẹ má ṣe dá sùn nínú igbó. Ẹ gbé omi mímu dání. Ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ló dára jù. Ẹ má sì wẹ̀ nínú adágún náà, bó ti wù kó tutù tó lójú, nítorí pé àwọn oníwádìí ti rí àrùn àtọ̀sí ẹlẹ́jẹ̀ láàárín àwọn tó ń gbé lẹ́bàá Ọ̀yán. Ìgbín kéékèèké inú omi ló ń gbé kòkòrò rẹ̀, kòkòrò náà sì máa ń gba ara awọ wọlé.

A pa àgọ́ sẹ́yìn ilé ìdílé kan tó gbà wá. Ó gbà wá ní wákàtí kan kí a tó mọ ọ̀pá tó lọ sí ihò wo. Sípù rẹ̀ kọ̀ láti pa dé, ẹ̀fọn wọlé, àbúrò mi sì ń hanrun bí ẹ́ńjìnnì ọlọ. N kò rí oorun sùn. Mo kàn ń ronú nípa àwọn Ẹ̀gbá tó wà ní ibùdó Ìjàyè lóṣù kẹta ọdún 1862. Èmi pàgọ́ fún fàájì, nítorí ó dá mi lójú pé ilé mi wà níbi tí mo fi í sí. Bí ilẹ̀ bá mọ́, màá wọ mọ́tò padà. Ẹni tó wà ní ibùdó ogun kò mọ̀ bóyá ilé tó fi sílẹ̀ ṣì wà. Àwọn kan nínú wọn ní láti ní ẹ̀gbọ́n tàbí àna ní Ìṣàgá. Mo ronú nípa bí ìròyìn yẹn ṣe máa dé etí wọn, àti ohun tí wọ́n máa sọ fún ara wọn.

Arò, lẹ́ẹ̀kejì

Ní ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún oṣù kẹta ọdún 1864, Glele fúnra rẹ̀ kó ogun wá bá Abẹ́òkúta. Ẹ̀gbá tún lé e padà. Madam Ẹfúnróyè Tinúbú, tí wọ́n lé kúrò ní Èkó ní 1856, wà lára àwọn tó pèsè ìbọn àti ètù. Ọdún yẹn gan-an ni wọ́n fi jẹ Ìyálóde Ẹ̀gbá. Ìṣẹ́gun kejì yẹn ni Abẹ́òkúta ń fi yangàn, ó sì yẹ bẹ́ẹ̀. Lọ́tẹ̀ yìí, kò sí Ìṣàgá mọ́ lójú ọ̀nà tó máa gba ọba Dàhọ̀mì nímọ̀ràn.

Lọ́jọ́ Àìkú, bí a ṣe ń padà bọ̀, mo ní kí awakọ̀ sọ̀ wá sí Arò. Mo dúró lẹ́bàá títì díẹ̀. Àwọn ọ̀kadà ń kọjá, ẹni kan ń ta àgbàdo sísè. Mo gbìyànjú láti sọ ìtàn náà fún ara mi láti ìbẹ̀rẹ̀, ṣùgbọ́n lọ́tẹ̀ yìí mo bẹ̀rẹ̀ láti Ìṣàgá. Ó yàtọ̀ pátápátá. Tí èèyàn bá bẹ̀rẹ̀ láti Olúmọ, ìṣẹ́gun ni yóò fi parí. Tí ó bá bẹ̀rẹ̀ láti Ìṣàgá, ìbéèrè ló máa kù sí i lọ́wọ́: ẹni tó gbà ọ́ là, ṣé o wà nílé nígbà tí ó ké sí ọ?

N kò sọ pé kí ẹ má gun Olúmọ mọ́. Ẹ gùn ún. Ẹ ya fọ́tò yín, ẹ ra àdìrẹ ní Ìtòkú. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá dé òkè, ẹ kọjú sí ibi tí oòrùn ń wọ̀ sí, kí ẹ sì dárúkọ Ìṣàgá lẹ́ẹ̀kan. Ìlú náà kò parun. Àwọn ènìyàn wà níbẹ̀ lónìí, wọ́n ń tún ọkọ́ ṣe, wọ́n ń gé láfún, wọ́n sì ń fún àjèjì lómi.

Mo gbé láfún yẹn lọ fún màmá. Wọ́n fi ìka tọ́ ọ wò kí n tó jókòó. N kò tíì ní ẹ kú alẹ́ tán tí wọ́n fi ní, "Kí ni wọ́n sọ fún ọ nígbà tí o dárúkọ ìyá mi?"

Mo ní, "Wọ́n ní mi ò kì í ṣe àlejò. Wọ́n ní mo ti dé ilé."

Màmá kò sọ nǹkan kan fún ìgbà díẹ̀. Nígbà tó yá, wọ́n ní kí n gbé omi kaná.

Ibi tí màá dá a dúró sí lónìí nìyẹn. Iṣẹ́ tí mo gbé lé yín lọ́wọ́ kò le. Kí ọ̀sẹ̀ yìí tó parí, ẹ pe àgbà kan nínú ìdílé yín, ẹ bi wọ́n ní orúkọ orílé yín, kí ẹ sì bi wọ́n ní ohun tó ṣẹlẹ̀ níbẹ̀. Ẹ gba ohùn wọn sílẹ̀ sórí fóònù, tí wọ́n bá gbà. Tí ẹ bá sì gbọ́ ohun tí mo sọ tí kò rí bẹ́ẹ̀, ẹ kọ̀wé sí mi, gẹ́gẹ́ bí màmá ṣe ṣe. Màá ṣàtúnṣe.

Ó di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Ire o.